Ẹ̀gbọ́n Mi Tó Ní Ó Rẹ Òun

Tí o bá fẹ́ yọ ẹ̀gbọ́n mi Súbérù lẹ́nu, má wulẹ̀ fi èébú ṣòfò. Èébú kì í ràn án. Ṣáà gbé òòlù rẹ̀ láti apá ọ̀tún tábìlì sí apá òsì, kí o jókòó, kí o máa wò ó. Á dúró ti òòlù náà bí ẹni tí wọ́n gbé ilé rẹ̀ sá lọ.

"Hanifah, dá a padà."

"Dá kí ni padà, Bọ̀dá mi?"

"Òòlù."

Kò ní bínú, kò ní rẹ́rìn-ín, kò sì ní fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e. Ẹni tó gbé e ló gbọ́dọ̀ dá a padà. Ìyàwó rẹ̀, Sọ̀fíyàt, ló máa ń rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ọkọ mi," á wí fún mi, torí àbúrò ọkọ, ọkọ náà ni, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ba Máṣíìnì mi jẹ́ fún mi."

Máṣíìnì ló ń pè é. Máṣíìnì ìránṣọ ni Bọ̀dá mi ń tún ṣe ní Itamaga, ní Ìkòròdú, nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tó dojú kọ ilé tí wọ́n háyà. Ìsẹ́yìn la ti wá. Sọ̀fíyàt, ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni, télọ̀ sì ni. Máṣíìnì rẹ̀ ló bàjẹ́ tó fi gbé e wá. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ lè bá mi tún un ṣe?" Bọ̀dá mi wo máṣíìnì, kò wo ọmọge, ó ní, "Mo lè tún un ṣe. Ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́." Obìnrin mìíràn ì bá gbé ẹrù rẹ̀ kó máa lọ. Sọ̀fíyàt fa àga, ó jókòó. Ó máa ń sọ pé gbogbo ọkùnrin tó ń dẹnu kọ òun ní Ìkòròdú nígbà náà ló ń pe òun ní olólùfẹ́ kí wọ́n tó mọ orúkọ òun. Eléyìí nìkan ló kọ́kọ́ sọ òótọ́.

Ohun tó ń bí àwọn yòókù nínú lára Bọ̀dá mi, òun gan-an ni Sọ̀fíyàt ń fi bá a ṣeré. Kì í wo ojú ẹni tó bá ń bá a sọ̀rọ̀. Gààrí àti ẹ̀wà ló ń jẹ láràárọ̀ láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Ariwo máa ń ta á lára bí ata. Níbi ìgbéyàwó tirẹ̀ gan-an, etí méjèèjì ló fọwọ́ dì nígbà tí wọ́n ń gbàdúrà fún un. Tí o bá kí i pé "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta," á ní, "Ọjọ́ mọ́kànlá ni." Kì í ṣe àwàdà o. Ó kà á.

Ìgbà tí jẹjẹrẹ mú Sọ̀fíyàt lọ́mú, wọ́n gé e, wọ́n fún un ní oògùn tó mú kí irun rẹ̀ re dànù, a sì rò pé ó ti tán. Kò tán. Inú eegun ló sá lọ. Ọsibítù ní kò sí ohun tó kù ju kí a máa tọ́jú rẹ̀ nílé, kí ìrora má fìyà jẹ ẹ́ títí Ọlọ́run á fi pè é. Nọ́ọ̀sì Agnes ni wọ́n ń rán wá sílé, obìnrin sísanra kan tó máa ń gbé oògùn olómi wá, oògùn ìrora tó korò bí ewúro.

Nọ́ọ̀sì yìí ló kọ́kọ́ wo Bọ̀dá mi wò dáadáa. Ó bi í ní ìbéèrè díẹ̀díẹ̀ nípa ìgbà èwe rẹ̀, ó bi èmi náà, ó ní kó lọ rí dókítà kan. Ìgbà tí Bọ̀dá mi dé, ó ní wọ́n pè é ní ọ́tísíìmù. Nọ́ọ̀sì ní kì í ṣe àìsàn, kì í ṣe wèrè, kì í sì í ṣe ìgbéraga; bí ọpọlọ rẹ̀ ṣe ń gba ayé wọlé nìyẹn láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i.

Bọ̀dá mi ronú. "Ṣé àwọn mìíràn náà wà?"

"Wọ́n pọ̀, sà."

"Kí ló dé tí wọn ò wá tún máṣíìnì ṣe lọ́dọ̀ mi?"

Ẹ̀rín pa Sọ̀fíyàt débi pé ó di ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú. "Nọ́ọ̀sì, ẹ bá mi fi ọ̀kan sí i ránṣẹ́," ó wí. "Ẹyọ kan yìí ò ní tó mi gbé dọ́run."

Bọ̀dá mi ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó ń tọ́jú ìyàwó rẹ̀. Mo gbọ́dọ̀ sọ bó ṣe ń ṣe é, nítorí àwọn èèyàn ń sọ pé kò ṣe é. Ohunkóhun tó bá tutù tó ń yọ̀, Bọ̀dá mi kì í lè fọwọ́ kàn án. Torí bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe jẹ ilá. Egbò Sọ̀fíyàt sì ń ṣe omi, ó ń rùn. Láràárọ̀ ló ń wẹ̀ ẹ́. Á wẹ̀ ẹ́ dé ìdajì, á ní, "Mò ń bọ̀," á jáde sí ẹ̀yìnkùlé, á dojú kọ ògiri, á máa gbọn ọwọ́ bí ẹni tí omi gbígbóná ta sí lára, á máa ka orúkọ àwọn ohun tó wà nínú máṣíìnì jẹ́jẹ́: abẹ́rẹ́, bọ́bìnì, táyà, okùn. Tí ara rẹ̀ bá ti balẹ̀, á padà wọlé, á parí ìwẹ̀ náà. Sọ̀fíyàt á dúró dè é níhòòhò lábẹ́ aṣọ, á máa pariwo láti inú yàrá pé, "Máṣíìnì, o gbàgbé táyà!"

Ibi tí ó ti ṣòro jù ni àlejò. Ẹ mọ bí a ṣe máa ń kí aláìsàn. Èrò á kún yàrá, wọ́n á gbàdúrà sókè, ẹni tó ní ẹkún á sun ún, wọ́n á di Bọ̀dá mi mú lápá pé, "Ẹ kú ìtọ́jú o, ṣé kò tíì rẹ̀ yín?" Òwú ló ń kì bọ etí. Èmi àti Sọ̀fíyàt la máa ń sáré dáhùn fún un: "Kò rẹ̀ wọ́n o, Ọlọ́run ń fún wọn lókun." Kó tó di pé òun lanu, mo ti ní kó lọ bá mi wo ìkòkò lórí iná. Kò sí ìkòkò kankan lórí iná. Á lọ wò ó, á padà wá sọ níwájú gbogbo èèyàn pé, "Hanifah, kò sí ìkòkò níbẹ̀."

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí àlejò ti lọ, Sọ̀fíyàt sọ fún un lójú mi pé, "Inú yàrá yìí ni mo fẹ́ kú sí. Ìwọ ni mo fẹ́ kó wà lọ́dọ̀ mi. Má jẹ́ kí wọ́n gbé mi lọ sí agbo èrò."

"Mo gbọ́," ó wí.

Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á mọ̀ pé ó ti tán nìyẹn. Ẹlòmíràn á búra, á fọwọ́ kan Kùránì. Tirẹ̀, "Mo gbọ́" ni.

Kò pẹ́ sí i ni àwọn ará Ẹ̀pẹ́ wá: Àlájà Mùnírátù, ìyá Sọ̀fíyàt, àti Bàbá Bàdírù, àbúrò bàbá rẹ̀. Àlájà kì í ṣe èèyàn burúkú. Ẹja yíyan ló fi tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀, Sọ̀fíyàt nìkan ló sì jẹ́ obìnrin nínú wọn. Ó wọlé, ó rí ọmọ rẹ̀ tó ti gbẹ mọ́ orí ibùsùn. Bọ̀dá mi dọ̀bálẹ̀ dáadáa, torí ó mọ̀ pé bí wọ́n ṣe ń kí àna nìyẹn. Ó dìde, ó padà sídìí aṣọ tó ń ká.

Bàbá Bàdírù wú ikọ́. "Súbérù, a dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ. Iṣẹ́ ńlá lò ń ṣe yìí. Ṣé kò tíì rẹ̀ ọ́ báyìí?"

Omi ni mò ń gbé bọ̀. Mo rí ọ̀rọ̀ náà tó ń bọ̀ bíi tírélà tí búrèkì rẹ̀ já. "Kò rẹ̀ wọ́n o, Bàbá!"

"Ìwọ kọ́ ni mo bi."

Bọ̀dá mi ronú. Ìbéèrè tí gbogbo wa ti mọ ìdáhùn rẹ̀ láti kékeré ló ń ro. Wọn kì í bi ọ́ kí o lè sọ bó ṣe rí lára rẹ. Wọ́n ń bi ọ́ kí o lè ní kò rẹ̀ ọ́, kí àwọn náà lè ní Ọlọ́run á fún ọ lókun, kí gbogbo wa lè mu omi.

"Ó ti rẹ̀ mí," ó wí.

"Kí lo wí?"

"Ó ti rẹ̀ mí gan-an. Mi ò rí oorun sùn. Egbò yẹn ń rùn, òórùn rẹ̀ ń wọ̀ mí lórí. Àwọn àlejò ń pariwo. Ó máa ń ṣe mí bíi kí n sá lọ."

Àlájà fọwọ́ bo ẹnu. Ojú tí mo rí lọ́jọ́ yẹn, mi ò lè bínú sí i tán. Ojú ìyá tí wọ́n sọ fún pé ọmọ rẹ̀ ń rùn ni.

"Màámi," Sọ̀fíyàt wí láti orí ibùsùn, "òótọ́ ló sọ. Ó rẹ̀ ẹ́. Ìyẹn ò ní kó má ṣe é. Ẹ bi í bóyá ó fẹ́ kí n lọ."

"Oògùn ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀," Bàbá Bàdírù wí.

"Mi ò fẹ́ kó lọ," Bọ̀dá mi wí. "Ó ní ibí lòun fẹ́ wà. Mo sì ní mo gbọ́."

"Ìwọ tí o fẹ́ sá lọ?"

"Mo fẹ́ sá lọ. Mi ò sá lọ. Ohun méjì ni."

Mo fẹ́ bá wọn ṣàlàyé. Mo kúnlẹ̀, mo mẹ́nu ba ọ́tísíìmù. Bàbá Bàdírù ní kí n má fi gẹ̀ẹ́sì bo ìwàkiwà mọ́lẹ̀. Ní ìlú àwọn, ọkùnrin tí ìtọ́jú ìyàwó bá ti rẹ̀, ẹbí ìyàwó á gba ọmọ wọn padà, wọn kì í jà. Kò pẹ́, mọ́tò ti dé ẹnu ọ̀nà. Bọ̀dá mi ló gbé Sọ̀fíyàt wọ inú rẹ̀, torí kò sẹ́lòmíràn tó mọ ibi tí wọ́n ń fọwọ́ sí tí kò fi ní dùn ún. Ó ka bí wọ́n ṣe máa ń yí i padà àti bí wọ́n ṣe máa ń fún un ní oògùn fún Àlájà láìmí, láìní ẹ jọ̀ọ́, láìní ẹ ṣeun. Àlájà yíjú sí fèrèsé.

Ilé Àlájà kò jìnnà sí ọ̀sà. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ dára, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ ìlú ni Sọ̀fíyàt; kò sẹ́ni tí kò wá kí i. Àlájà kò fẹ́ kí ó máa sùn lójú àlejò. "Èèyàn wá láti ọ̀nà jíjìn, kó tilẹ̀ dá wọn mọ̀," ó wí, ó sì dín oògùn ìrora tó ń mú un sùn kù. Nọ́ọ̀sì Agnes bẹ̀ ẹ́ lórí fóònù. Àlájà ní òun ti gbọ́. "Mo gbọ́" tirẹ̀ kì í ṣe irú ti Bọ̀dá mi.

Lójoojúmọ́ ni Bọ̀dá mi ń wọkọ̀ gba Ìtóìkín lọ sí Ẹ̀pẹ́, pẹ̀lú òwú létí. Wọ́n á ní kó jókòó láàárín àwọn àlejò. Lọ́jọ́ tí mo bá a lọ, Sọ̀fíyàt lajú, ó fi eyín han àwọn èèyàn.

"Ẹ wò ó, ó ń rẹ́rìn-ín," obìnrin kan wí, gbogbo ilé sì ní Alihamudulilahi.

Ẹsẹ̀ Sọ̀fíyàt ni Bọ̀dá mi ń wò. "Kì í ṣe ẹ̀rín. Ìrora ni. Ó ká ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ kò. Ẹ fún un ní oògùn rẹ̀."

"Súbérù," Àlájà wí, "jẹ́ kí ọmọ mi rẹ́rìn-ín fún mi."

Bí a ṣe padà délé ni mo ní tó bá jẹ́ irọ́ ni wọ́n fẹ́, èmi ni olùkọ́ irọ́. Ṣebí èmi ni mò ń gbé òòlù kiri látọjọ́ yìí tí mò ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀. Mo jókòó tì í nínú ṣọ́ọ̀bù.

"Ẹ bá mi sọ ọ́: Kò rẹ̀ mí rárá."

"Ó rẹ̀ mí."

"Mo mọ̀. Ẹ ṣáà sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún Àlájà."

"Àlájà mọ̀ pé ó rẹ̀ mí. Mo ti sọ fún un."

"Bọ̀dá mi, tí ẹ bá sọ ọ́, bóyá wọ́n á jẹ́ kí ẹ gbé Ìyàwó wa wálé."

Lẹ́yìn náà ló sọ ọ́. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń gbé òkúta mì. Ní ọjọ́ kejì, ó ń kùn ún sẹ́nu láti Ìkòròdú títí dé Ẹ̀pẹ́, débi tí ìyá kan tó jókòó tì wá fi ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, bọ̀dá. Ẹni tí kò bá rẹ̀ kì í sọ ọ́ tó báyẹn." Mo rẹ́rìn-ín sínú gèlè mi. Mo rò pé ó máa bọ́ sí i.

Àlájà àti Bàbá Bàdírù wà ní pálọ̀. "Ẹ kú ìrìn," Àlájà wí. "Ṣé ọ̀nà ò rẹ̀ yín jù?"

Bọ̀dá mi dìde dúró. "Kò rẹ̀ mí rárá. Ọlọ́run ń fún mi lókun. Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ jẹ́ kí n gbé ìyàwó mi lọ sílé."

Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń pe èrò ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ó sọ ọ́. Mo rí i tí ojú Àlájà rọ̀ díẹ̀.

Bàbá Bàdírù wò ó. "Ta ló kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ yìí?"

Mò ń mi orí. Mò ń ṣẹ́jú. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Hanifah ni," Bọ̀dá mi wí. "Ó ń tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ báyìí."

Láti inú yàrá ni a ti gbọ́ ẹ̀rín. Sọ̀fíyàt ni. Ó tín-ín-rín bí òwú, ṣùgbọ́n ẹ̀rín rẹ̀ gan-an ni, ẹ̀rín Itamaga. "Máṣíìnì mi purọ́?" ó ń wí. "Nítorí tèmi? Ẹ gbà mí o, ó purọ́!"

Bọ̀dá mi yíjú sí Àlájà. "Ìyẹn ni ẹ̀rín rẹ̀," ó wí. "Ẹ gbọ́ ọ báyìí."

Àlájà gbọ́. Mo mọ̀ pé ó gbọ́. Ṣùgbọ́n Bàbá Bàdírù ti dìde, ó ní a fi àgbà ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní ọmọ àwọn kò ní kúrò nílé bàbá rẹ̀. Ohun tí Àlájà gbà fún Bọ̀dá mi kò ju pé kó máa sùn ní ọ̀ọ̀dẹ̀, kó máa yí ìyàwó rẹ̀ padà láàárọ̀ kí àlejò tó dé.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni Sọ̀fíyàt kú. Yàrá kún. Bọ̀dá mi ti jókòó sẹ́bàá ibùsùn láti àárọ̀, ṣùgbọ́n ìyá àgbà kan dé láti Ẹ̀jìnrìn, wọ́n sì ní kó dìde fún un. Ó dìde. Ó jáde sí ọ̀ọ̀dẹ̀. Inú òwú tó kì sétí ló ti gbọ́ igbe. Kò sẹ́ni tó wá sọ fún un. Ẹkún ni wọ́n ń sun mọ́ ara wọn. Ó gba àárín wọn kọjá, ó ṣí aṣọ kúrò lẹ́sẹ̀ Sọ̀fíyàt, ó bẹ̀rẹ̀ sí í na àwọn ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó rọra ń ṣe é. Obìnrin kan ní, "Ẹ wò ó, kò tilẹ̀ sunkún."

Wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n dì í, wọ́n gbé e síta kí oòrùn tó wọ̀. Áàfáà dúró níwájú òkú, ó ní ẹni tí olóògbé bá ṣẹ̀, kó forí jì í. Gbogbo èèyàn ní àwọn ti forí jì í. Ó wá yíjú sí ọkọ, torí ti ọkọ ló wúwo jù.

"Súbérù, kò sí ọmọ èèyàn tí kì í ṣẹ̀. Ṣé o ti forí jì í?"

Mo di aṣọ Bọ̀dá mi mú lẹ́yìn. Kò sí irọ́ kankan tó kù lọ́wọ́ mi tí mo lè kọ́ ọ.

"Kò ṣẹ̀ mí," ó wí.

"A mọ̀. Ṣáà sọ pé o ti forí jì í."

"Kò sí ohun tó ṣe tí mo fẹ́ forí jì. Àwọn tó ṣẹ̀ ẹ́ ló wà níbí. Ó ń jẹ̀rora, wọ́n ní ó ń rẹ́rìn-ín. Mo ní kí wọ́n fún un ní oògùn, wọn ò fún un. Àwọn ni mi ò tíì forí jì."

Kò pariwo. Bí ẹni tó ń sọ ohun tó bàjẹ́ nínú máṣíìnì fún oníbàárà ni. Bàbá Bàdírù ṣí fìlà, ó tún un dé. Áàfáà wo ilẹ̀, lẹ́yìn náà ó gbé ọwọ́ sókè, ó bẹ̀rẹ̀ ìrun.

Níbi fídáù, àwọn èèyàn ń tò lọ́dọ̀ Àlájà. "Ẹ kú ìtọ́jú o, Àlájà. Ẹ gbìyànjú. Ọmọ yín rí ìtọ́jú." Mo fetí sílẹ̀ títí, bóyá ẹnì kan á kí ẹ̀gbọ́n mi bẹ́ẹ̀. Àbúrò bàbá Sọ̀fíyàt kan kàn ní kó sún àga rẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà.

Ó ti ṣí ṣọ́ọ̀bù padà báyìí. Ní gbogbo Jímọ̀, tí wọ́n bá ti kírun tán, fóònù rẹ̀ á dún. Àlájà ni. Bọ̀dá mi kì í gbé fóònù sétí, kì í fẹ́ kó fara kan òun. Orí tábìlì ló máa ń gbé e sí kó máa sọ̀rọ̀ síta, torí náà gbogbo rẹ̀ ni mò ń gbọ́.

"Súbérù, ṣé àlàáfíà lo wà?"

"Rárá, Màmá."

"Ṣé o ti forí jì mí?"

Á ronú. Gbogbo ìgbà ló máa ń ronú sí i bí ẹni tí wọn ò bi rí.

"Rárá, Màmá."

"Ó dáa."

Lọ́jọ́ kan mo já fóònù gbà. Mo ní, "Àlájà, ẹ má bínú, ẹ mọ bí wọ́n ṣe máa ń sọ̀rọ̀."

"Fi í sílẹ̀, Hanifah," Àlájà wí. Ohùn rẹ̀ ti gbó sí i. "Gbogbo ayé ló ti sọ fún mi pé mo tọ́jú ọmọ mi. Òun nìkan ni mo rí bi."

Ó pa fóònù. Bọ̀dá mi ti padà sídìí iṣẹ́.

"Ẹ mọ̀ pé wọ́n máa tún pè ní Jímọ̀ tó ń bọ̀," mo wí. "Kí lẹ máa sọ?"

"Mi ò mọ̀," ó wí. "Wọn ò tíì bi mí."